Ọkọ̀ Tó Ń Fi Orí Mí

Ní Haapajärvi, nínú oṣù Kẹta,
yìnyín ò tíì gbọ́ pé ó yẹ kó máa lọ.
Henriikka, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
ti Kadett àlòkù kan wọ gáréèjì mi,
ọkọ̀ tí ìpáàrà ti jẹ lẹ́sẹ̀
bí eku ṣe ń jẹ etí búrẹ́dì.
"Oiva," ó ní, "kì í pẹ́ tó fi ń gbóná.
Tó bá ti yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí."

Mo ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Mo wò ó. Mo dẹtí sí i.
Kò ṣàìsàn.
Ẹni tó ń sáré ni, tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò lórí.
Ẹni tó ń sáré tí wọ́n dí nímú,
ẹsẹ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ dá a dúró.

Ó fẹ́ ra ihò atẹ́gùn tí wọ́n ti ṣe tán lọ́jà.
Igba yúrò.
Igba! Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, irínwó ló rà á.
Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé,
síbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyá rẹ̀ àgbà dákẹ́ sí
láti ìgbà òtútù èṣí.
Páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò nípọn, kò fẹ́lẹ́.
O bá lù ú, á dá ọ lóhùn.

Ṣùgbọ́n ibo ni ká ti lu ihò?
A lẹ òwú pupa ogún ẹyọ mọ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó wa ọkọ̀ náà lọ sórí adágún tó ti di òkúta,
èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń ṣọ́ òwú.
Àwọn tó wà nítòsí gíláàsì dọ̀bálẹ̀.
Àwọn tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ dìde fìrì,
bí irun ara ẹni tẹ́rù bà.
"Ibẹ̀ ni," mo ní. "Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wá ọ̀nà àbájáde."

A kọ́kọ́ fi páálí bàtà gé àwòrán rẹ̀.
Kò bá a mu. A tún òmíràn gé.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Henriikka sọ ọ̀rọ̀ kan sí páálí
tí n kò ní í kọ síbí.
Mo ní, ṣe sùúrù,
irin tí a bá gé jù kò ní ìyá tó máa tún un bí.

Ẹ̀rọ agéirin ké. Iná fọ́n dé ẹnu ọ̀nà.
Orí igi ìdáná la ti fi òòlù tẹ etí páànù,
díẹ̀díẹ̀, títí ó fi là bí ètè ẹja.
Márùn-ún lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì:
ọ̀kan ya mọ́ wa lọ́wọ́, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Irin bẹ́ẹ̀dì di ìdè rédíétọ̀.
Agolo ẹja di ilé aago ooru.

Lọ́jọ́ eré, ọkọ̀ náà mí.
Mo rí ooru tó ń gbọ̀n lókè ihò mẹ́sàn-án,
ó yí po lẹ́ẹ̀mẹjọ, kò kọ́ lẹ́ẹ̀kan,
ipò kejì.

Òfin eré yìí ò fara sin ṣá:
ọkọ̀ tó bá sáré, ọjà ni.
Iye kan ṣoṣo fún gbogbo wọn,
kí olówó má baà fowó ra ìṣẹ́gun.
Ẹni tó bá kọ̀ láti tà, kò ní í sáré mọ́.
Èèyàn mẹ́rin ló fẹ́ ẹ. Wọ́n ṣẹ́ kèké.
Ó bọ́ sọ́wọ́ Taisto, onírùngbọ̀n kan láti Nivala.

Iye ni wọ́n kọ sínú ìwé.
Ta ló fẹ́ kọ iyè tó wà nínú rẹ̀?
Henriikka tà á. Títà náà ta á.
Taisto fọwọ́ pa àwọn ihò náà, ó ní,
"Èyí tó kù lósì ńkọ́?"
"Má dí i," ó ní. "Má sì là á."

Nígbà tí à ń lọ sílé, tírélà òfìfo ń pariwo lẹ́yìn wa.
Kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá afárá,
ó ń fi òwú pupa kan we ìka.
"Ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn," ó ní,
"ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àbí?"